Ibà Mọ́ńdè

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta

Síǹkì tún gbówó lórí. Mi ò tíì jókòó dáadáa tí Ọ̀gá Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ fi dúró sí mi lẹ́yìn. Èmi ni mo fún un lórúkọ yẹn, torí kò sí ohun tí kì í ṣe lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ lẹ́nu ẹ̀. Iṣẹ́ mi láràárọ̀ ni kí n ka iye tí wọ́n ń ta síǹkì lókè òkun fún un láti ojú kọ̀ǹpútà. Mo kà á. Ó mí kanlẹ̀ bí ẹni pé èmi ni mo fi owó lé e.

Gbogbo ayé ló ń wá a. Àwọn tó ń gbé iná oòrùn kalẹ̀ ń fẹ́ irin tí kò ní dípẹtà. Àwọn tó ń ṣe ajílẹ̀ ń fẹ́. Àwọn tó ń ṣe bátìrì ń fẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń wà á nílẹ̀ sì ń tilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwa tí à ń ri páànù àti irin bọ inú ìkòkò síǹkì yíyọ́, a dúró láàárín, à ń wò.

Ibà Mọ́ńdè dé bó ti máa ń dé. Ẹni tó bá fi òpin ọ̀sẹ̀ sinmi, tó padà sídìí ìkòkò tó fa èéfín síǹkì símú, dandan ni kó gbọ̀n lálẹ́. Tó bá fi di Túsìdeè, ó ti mọ́ ọn lára, ó parí nìyẹn títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Pẹ́lẹ́ńgẹ́, àbúrò mi, wà nínú búláńkẹ́ẹ̀tì báyìí, eyín ẹ̀ ń pa kèkè, ó sì ń kọrin. Bàbá wa ń po mílíìkì gbígbóná fún un. Ìdí ìkòkò yẹn náà ni Bàbá ti fẹ̀yìntì. "Àlejò alẹ́ kan" ló ń pe ibà náà. Àwàdà ni nílé wa.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

Àwọn tó ń ṣọ́ ojúlówó ọjà wá. Òfin tuntun ti jáde — síǹkì ara páànù gbọ́dọ̀ nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n ní páànù wa kì í pẹ́ jò. Mi ò lè jiyàn, orí bẹ́ẹ̀dì mi ni tilé wa ń jò sí. Òfin náà dáa. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ojú Ọ̀gá: síǹkì wọ́n, wọ́n tún ní kó lò ó sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún un.

Kò pariwo rárá. Èyí ló bà mí lẹ́rù. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Ọmọ Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń yàgbẹ́ gbuuru. Nọ́ọ̀sì fún un ní omi oníyọ̀ àti oògùn wẹ́wẹ́. Mo yẹ páálí wò: síǹkì. Mo yẹ ìpara tí ìyá ẹ̀ fi ń pa á nídìí wò: síǹkì. Mo ní kí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kúkú ri ọmọ bọ inú ìkòkò, ká mọ̀ pé kò ní dípẹtà láéláé. Ìyàwó ẹ̀ fi ìró ìdí ẹ̀ nà mí. A rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi jí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Ìdí tí Ọ̀gá kò fi pariwo ti wọlé. Ọkọ̀ akẹ́rù kan, síǹkì àlòkù ló kún inú ẹ̀ fọ́fọ́ — ọwọ́ ìlẹ̀kùn, àgádágodo, ara ẹ́ńjìnnì àtijọ́, tòun ti bóòtì àti nọ́ọ̀tì lára. Òkè òkun ló ti wá. Ọ̀pọ̀ yanturu, owó táṣẹ́rẹ́. Mo bi í pé kí ló dé tó pọ́ọ́kú tó bẹ́ẹ̀. Ó ní òfin wọn lọ́hùn-ún kò gbà á mọ́, àǹfààní tiwa nìyẹn. Òfin wo? Ó ní kí n bá òun tẹ lẹ́tà kan. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìléru kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé ni wọ́n máa fi yọ́ ọ. Ẹ̀rọ tó ń fa èéfín jáde lórí ìkòkò ńlá kò sí níbẹ̀. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n fi sídìí ẹ̀, torí ọwọ́ ẹ̀ yá.

Ó yọjú sí mi ní ọ́fíìsì lọ́sàn-án, ó mú nọ́ọ̀tì kan dání, ó pọ́n ròrò bíi wúrà. Ó tì í bọ̀ mí níka. "Òrùka rèé o, Àǹtí. Ó ku ọkọ." Mo lé e jáde. Nọ́ọ̀tì náà wà nínú báàgì mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Wọ́n dáná sí i. Èéfín síǹkì máa ń funfun bí òwú. Tòní pọ́n. Fóòmàn tó ń darí wọn ní ìdọ̀tí ni, kí wọ́n koná mọ́ ọn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbọ̀n wálé. Ọ̀fun ń ta á, orí ń fọ́ ọ. Fóòmàn pè, òun náà ń gbọ̀n, àwọn méjì mìíràn náà sì ń gbọ̀n. Bàbá ti gbé mílíìkì kaná kí n tó bọ́ bàtà. Ó ń fi Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́: àlejò ti dé, ẹ ní kó jókòó. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi náà rín.

Mo ti dùbúlẹ̀. Ohun kan ń họ mí láyà, mi ò mọ̀ ọ́n. Àfìgbà tí mo ṣí ìwé yìí, tí mo kọ ọjọ́ sórí ẹ̀.

Òní kì í ṣe Mọ́ńdè.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo sọ fún Bàbá láàárọ̀. Pé láti Mọ́ńdè ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti ń fa èéfín, ara ẹ̀ yẹ kó ti mọ́ ọn. Kí ni ibà ń wá ní Tọ́sìdeè? Ojú Bàbá le. Ó ní ṣé èmi ni mo fẹ́ máa kọ́ òun ní ibà òun, ibà tó ti ń mú òun gbọ̀n kí wọ́n tó bí mi. Mo ní ká gbé e lọ sí ọsibítù. Ó ní kí n má fi ilé ẹ̀ ṣẹ̀sín, pé ta ló ń gbé ibà Mọ́ńdè lọ sí ọsibítù?  Bàbá ni Bàbá.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà kò ràn mí lọ́wọ́. Ó jẹ búrẹ́dì díẹ̀, ó ní, "Ṣé ẹ rí i, Àǹtí? Ó ti ń lọ." Mo lọ síbi iṣẹ́.

Nígbà tí mo dé, ó jókòó. Kò lè dùbúlẹ̀ mọ́. Tó bá dùbúlẹ̀, kì í rí èémí. Ìyàwó ẹ̀ ń fẹ́ ẹ, ọmọ wà lẹ́yìn ẹ̀. Bàbá tún po mílíìkì. Mo wo ife yẹn, mo bínú sí i bí ẹni ń bínú sí ènìyàn. Mo ti pe onítakisí. Bàbá lè bú mi lójú ọ̀nà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ọsibítù. Wọ́n fi nǹkan bò ó nímú, afẹ́fẹ́ ń gba inú ẹ̀ wọlé. Dókítà, obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan, bi wá pé kí ló fà símú. Bàbá ló dáhùn, àyà ẹ̀ sì yọ síta: síǹkì ni, iṣẹ́ ìdílé wa ni. Dókítà ní ibà síǹkì kì í ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ báyìí, pé ṣé kò sí nǹkan mìíràn nínú ìléru yẹn.

Mo tú báàgì mi. Mo gbé nọ́ọ̀tì náà lé e lọ́wọ́.

Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó ní fífi ojú lásán wò ó kò lè dáni lójú, ṣùgbọ́n irin kan wà tí wọ́n ń pè ní kádímíọ̀mù. Wọ́n máa ń fi bo irú nọ́ọ̀tì báyìí kó má baà dípẹtà, kí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó fòfin dè é. Tí iná bá mú un, èéfín ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ mú ènìyàn bí ibà síǹkì gẹ́lẹ́. Á gbọ̀n, á dà bí ẹni tó fẹ́ yá, kó tó di pé ẹ̀dọ̀fóró kún fómi. Ó bi wá pé ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀. Mo ní Tọ́sìdeè. Ó fi ìka ka ọjọ́, ó yíjú sí Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Bàbá gbọ́ ohun tí kò sọ.

Mo pe Ọ̀gá. Mo ní kó pa ìléru náà. Ó ní òun ti gbọ́, pé wọ́n ti ṣíwọ́ iṣẹ́ tọ̀sẹ̀ yìí, kí n tọ́jú àbúrò mi.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti lọ. 

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún

 Bàbá ká búláńkẹ́ẹ̀tì náà sórí ẹsẹ̀, ó ń tú u, ó ń tún un ká. Mi ò lè bá a wí. Èmi náà rẹ́rìn-ín ní Tọ́sìdeè.

Mo pe Ọ̀gá láàárọ̀, kò gbé e. Mo pè é lọ́sàn-án, kò gbé e. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, mo wọ bàtà.

Láti ojú títì ni mo ti rí èéfín lẹ́yìnkùlé. Ó pọ́n. Wọ́n ti ń yọ́ ọ láti òwúrọ̀.

Ọ̀gá pàdé mi lẹ́nu géètì, ó fọwọ́ sáyà. Ó ní kú àmúmọ́ra, Ọlọ́run ò ní jẹ́ a rí irú ẹ̀ mọ́, pé àyà ọmọ náà ni kò lágbára tẹ́lẹ̀, Fóòmàn àti àwọn yòókù tó dúró lọ́ọ̀ọ́kán ṣáà ti yá. Ó ní àwọn tó ń ṣọ́ ojúlówó ọjà ń padà bọ̀ lọ́túnla, iṣẹ́ kò lè dúró. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá bí ẹni pé òpó ni. Mo gbé nọ́ọ̀tì yẹn sókè lójú gbogbo wọn, mo pariwo títí ohùn mi fi há. Mo ní èyí ló pa á. Mo ní kì í ṣe síǹkì. Àwọn kan fi irinṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn yòókù ń wo ojú Ọ̀gá.

Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò Pẹ́lẹ́ńgẹ́ di ṣíbí gígùn ẹ̀ mú, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n. Mo dì í lápá mú, mo ní kó jẹ́ ká lọ sí ọsibítù, nísinsìnyí. Àánú mi ń ṣe é. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, eyín ẹ̀ ń pa kèkè.

"Ẹ má bẹ̀rù, Àǹtí. Òní Mọ́ńdè ni."