Fíìmù Tí Bàbá Kì Í Jẹ́ Ká Wò Dópin

Ilé wa,
Apòmù.

Mubashir, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé ara le? Ṣé ẹsẹ̀ yẹn ti ń gbé ọ rìn dáadáa? Mo bẹ Ọlọ́run pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kó sì bá ọ lórí ìjókòó, kó o lè kà á tán. Mo mọ̀ pé bí mo bá pè ọ́, tí ọ̀rọ̀ bá ti kan wíwálé, wàá ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa. Ìwé ò ní nẹ́tíwọ̀kì, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Ṣé o ṣì rántí pálọ̀ wa láyé ìgbà tó jẹ́ ilé wa nìkan ló ní fídíò ládùúgbò? Bí Bàbá bá ti kírun Jímọ̀ tán, tí wọn ò sì gbé bọ́ọ̀sì wọn lọ Ìbàdàn mọ́ lọ́jọ́ náà, àwọn awakọ̀ Apòmù àti ti Ìkirè á kún ibẹ̀ fọ́fọ́. A ó máa jẹ dòdò Ìkirè, epo á gba gbogbo ọwọ́ wa. Fíìmù ọkọ̀ nìkan ni Bàbá ń gbé sí i. Wọn kì í wo ti ìfẹ́, wọn kì í wo ti ogun. Èyí tá a fẹ́ràn jù ni ti òyìnbó onírùngbọ̀n tó ń fi ọkọ̀ pupa sá fún ọlọ́pàá lórí òkè.

Kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè òyìnbó yẹn. Bàbá gan-an ò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n wọ́n á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á máa sọ ọ́ ní Yorùbá bí ẹni pé àwọn ni wọ́n ṣe fíìmù náà. Orúkọ rẹ ni wọ́n sì fún òyìnbó náà. "Mubashir ti já gíà! Mubashir ti já wọn sílẹ̀ ní kọ́nà! Ẹ wò ó, kò tiẹ̀ tẹ bíréèkì!" Ìwọ á fẹ̀ kalẹ̀ lórí itan mi, wàá máa yí ọwọ́ bí ẹni tó di sítíárìn mú. Mo gbà pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ awakọ̀ ti wọ̀ ọ́ lára.

Bí ọkọ̀ pupa yẹn bá wá dé orí afárá, Bàbá á bọ́ síwájú, wọ́n á na apá agbádá wọn bo gbogbo tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á ní, "Mubashir ti délé, ó ti ń jẹun." Wọ́n á sì pa tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀. Wọ́n ní awakọ̀ tó fẹ́ jáde láàárọ̀ ọ̀la kì í fi ìjàǹbá sójú sùn. Rántí ọjọ́ tí Tíṣà Titus, aládùúgbò wa, tó ti wo fíìmù náà n'Íbàdàn, fẹ́ sọ bó ṣe parí. Díẹ̀ ló kù kí àwọn awakọ̀ gbé e sọ síta! Bá a ṣe dàgbà láìmọ òpin rẹ̀ nìyẹn. Èmi tiẹ̀ gbà pé ó jẹun lóòótọ́.

Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyí. O mọ̀ pé iyè Bàbá ti ń lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Làtífù ọkọ mi rí fíìmù náà n'Ìkirè, wọ́n bá a kó o sínú fíláàṣì. Ó fẹ́ múnú Bàbá dùn ni. Ọmọ Ararọ̀mí-Òwu ni òun, kò mọ ìtàn agbádá. Lẹ́yìn ìrun alásárì, ó gbé e sí i, Bàbá sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ rẹ bíi ti àtijọ́. Mo ń gbọ́ wọn láti ilé ìdáná, mò ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ pupa dé orí afárá, kò sẹ́ni tó dìde. Bàbá náà ò rántí dìde. Ọkọ̀ já sínú ọ̀gbun, ó gbiná. Igbe tí mo gbọ́, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu Bàbá rí, kódà nígbà tí Ìyá wa kú. "Mubashir ti lọ! Ọmọ mi ti lọ!"

Látìgbà náà, wọn ò jẹun gidi. Mo fi ohùn rẹ sí wọn létí, wọ́n ní ohùn kì í ṣe ènìyàn. Ọjọ́ Mọ́ńdè tá a fi fóònù pè ọ́, tí ojú rẹ hàn, tó o ń rẹ́rìn-ín, tó o ń juwọ́, o rò pé Bàbá ò mọ̀ ọ́ mọ́ ni. Wọ́n mọ̀ ọ́, Mubashir. Wọ́n ní inú fíìmù yẹn lo wà, wọ́n ní ká tètè yọ ọ́ jáde. Mi ò lè sọ ọ́ fún ọ lọ́jọ́ náà lójú wọn.

Mo mọ̀ pé látìgbà tí bọ́ọ̀sì rẹ ti dojú dé lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́, o ò wọ ọkọ̀ kankan mọ́, ẹsẹ̀ lo fi ń wọ́ káàkiri Ìlọrin. Kò sẹ́ni tó kú, ìwọ náà sì ti gbádùn. Mi ò fi ẹ̀rù rẹ ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Ṣùgbọ́n Bàbá ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ tó wà láàyè, ọ̀fọ̀ náà sì ti fẹ́ gbé wọn lọ. Mi ò lè máa wò ó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, gbọ́ mi dáadáa. Àárọ̀ Sátidé ni mò ń bọ̀ wá gbé ọ, èmi gan-an ni màá sì wa ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi Soliat tí Bàbá máa ń ní kí n lọ wo ọbẹ̀ lórí iná bí mo bá ti fọwọ́ kan sítíárìn. Làtífù ti ń kọ́ mi láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ́nà Ìkòyí tiwa níbí, mo sì ti gba láísẹ́ǹsì. Òun ló máa dúró ti Bàbá. Mi kì í sáré, àwọn ọlọ́kadà gan-an ń bú mi, ìyẹn á tẹ́ ọ lọ́rùn. Ẹ̀yìn ni kó o jókòó. Dijú bó o bá fẹ́. Ṣáà wọlé.

Kí Ọlọ́run tó yọ ọ́ nínú ìjàǹbá yọ ẹ̀rù rẹ̀ kúrò lọ́kàn rẹ pátápátá. Kó jẹ́ kí ojú Bàbá rí ọ, kí ìwọ náà sì bá wọn lókè eèpẹ̀. Àmín.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó pọ̀n ọ́ dàgbà,
Soliat.

Mo tún fi èyí kún un: Mo ti fẹ́ lẹ ìwé yìí pa nígbà tí Bàbá rí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Wọ́n bi mí pé níbo ni mò ń gbé e lọ. Mo ní Ìlọrin ni mo fẹ́ lọ ní Sátidé, mo fẹ́ lọ mú Mubashir wá. Mo ti ń retí ẹkún. Wọ́n wá ní, "Ìlọrin jìnnà fún ọwọ́ tuntun. Bó bá ti rẹ̀ ọ́ lọ́nà, gbé e fún Mubashir, kó wà á wálé."