Orúkọ Bàbá Ọ̀jẹ̀wálé nínú Ìwé Sẹ̀gilọlá

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Òpópónà Olúyọmí,
                                        Ìkàrẹ́-Àkókó,
                                        Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                        Ọjọ́ Ajé, 11 Oṣù Kẹta, 2019.

Mọ́júbọ́lá, ọ̀rẹ́ mi láti ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni,

Mo kí ọ. Ṣé àlàáfíà ni Ọ̀kà wà? Orúnkún rẹ ńkọ́? Ṣé Bàbá Sẹ̀gi ti ń jẹun dáadáa láti ìgbà tí ibà náà ti fi í sílẹ̀? Mo gbọ́ pé ìjì òjò àkọ́rọ̀ ṣí òrùlé abà yín. Ẹ kú àmúmọ́ra. Ara tèmi le, mo dúpẹ́.

Limota, aya Badmus, ni mo fi ìwé yìí rán. N kò fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lórí fóònù, nítorí pé àárín agboolé ni o ti máa ń dá mi lóhùn, tí gbogbo ènìyàn á sì máa gbọ́ mi. Jọ̀wọ́, inú yàrá ni kí o ti kà á.

Ọ̀rọ̀ Sẹ̀gilọlá, ọmọ rẹ, ni. O mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ni ó wà láti ìgbà ọyẹ́, tí ó ń parí ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lórí bí àwọn ará Ọ̀kà ṣe ń pa ààlà oko mọ́ kí ìwé ilẹ̀ tó dé. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ a máa ní ìtọ́kasí lọ́pọ̀lọpọ̀: ta ni ó sọ èyí, níbo, nígbà wo. Nígbà tiwa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, orí páálí kéékèèké ni a ń kọ wọ́n sí, a ó sì tò wọ́n sínú àpótí bàtà. Àwọn ti ìsinsìnyí, ètò orí kọ̀ǹpútà ni ó ń tò ó fún wọn. Bí wọ́n bá ti kọ orúkọ ẹni náà sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ètò náà fúnra rẹ̀ ni yóò máa fi í sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé níbikíbi tí ó bá yẹ.

Méjì ni ó wà níwájú rẹ̀ láti yàn. Èyí tí ó ti ń lò láti ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, o sì mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò wa ti rí. Èkejì a máa gbé inú láptọ́ọ̀pù rẹ̀, kò bèèrè nẹ́tíwọ́ọ̀kì. A jọ gbé wọn yẹ̀wò, ó sì yan èkejì. Clement tí ó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lẹ́bàá ọjà ni ó bá a kó gbogbo rẹ̀ láti inú ti àtijọ́ bọ́ sínú tuntun. Ètò tuntun náà bi wọ́n léèrè bóyá kí òun pa àwọn tí ó jọra pọ̀ di ẹyọ kan. Clement ní, "Àǹtí, ẹ tẹ bẹ́ẹ̀ ni jàre, àtúnkọ lásán ni." Ó tẹ̀ ẹ́.

Ibẹ̀ ni ewu ti wọlé. Bàbá Ọ̀jẹ̀wálé méjì ni Sẹ̀gilọlá fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ní Ọ̀kà, tí ó sì gba ohùn wọn sílẹ̀: àbúrò bàbá rẹ, àti èkejì tí ó wà ní agboolé òdìkejì odò, àwọn tí ẹ ń bá ṣe ẹjọ́ ilẹ̀. Ètò náà ní àyè fún orúkọ ìdílé, ó sì ní àyè fún orúkọ tí a sọ ènìyàn. Ọmọ tí a kọ́ ni Sẹ̀gilọlá. Kò lè kọ orúkọ tí a sọ àgbàlagbà sílẹ̀ gbàgà bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀. "Bàbá" ni ó kọ sí àyè náà fún àwọn méjèèjì. Bàbá Ọ̀jẹ̀wálé, Ọ̀kà, ọdún kan náà. Lójú kọ̀ǹpútà, ẹnì kan ni wọ́n. Ó pa wọ́n pọ̀, ó sì fi agboolé yín sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agboolé ẹni náà.

Nítorí náà, ibi tí bàbá òdìkejì odò ti wí pé àwọn baba ńlá yín fi ilẹ̀ láti ìdí àpáta dé etí odò ta àwọn lọ́rẹ, ohun tí a kọ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé ni pé àbúrò bàbá rẹ ni ó sọ ọ́.

Èmi ni mo rí i, nígbà tí mò ń bá a ka orí kẹrin. Mo ní, "Ṣé Bàbá agboolé yín lè sọ èyí?" Ó wo ojú ẹ̀rọ náà, ó rí i. Ó ti tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ṣáájú ìgbà náà ó ti tẹ orí náà jáde, ó sì ti fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí agboolé méjèèjì láti fi dúpẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ti Bàbá ṣì wà nínú àpò ìwé rẹ̀, nítorí pé kò mọ̀wé kà. Àwọn ti òdìkejì ti ka tiwọn.

Lánàá, lẹ́yìn ìsìn, Ẹ̀taòkò, ọmọ bàbá òdìkejì odò, wá sí ilé mi. Ó gbé iṣu wá, iṣu tí ó dára. N kò pè é.

"Màmá Tíṣà, ẹ kú ìsinmi o. Dókítà wa dà?"

Mo ní kò ì tíì di dókítà.

"Á dà á! Ìwé rẹ̀ ti ṣe wá lóore. Lọ́yà wa kà á, ó fò sókè." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin alákọ̀wé kì í kọ irọ́, àbí ẹ máa ń kọ ọ́?"

Mo sọ fún un pé àṣìṣe wà nínú ẹ̀dà náà, pé a ti tún un ṣe, àti pé ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ gan-an ni. Kò yà á lẹ́nu. Ó ti mọ̀ kí ó tó jókòó.

"Èyí tó ti jáde ti jáde, Màmá. Bó bá ní òun ń tún un ṣe lónìí, àwọn èèyàn á ní ta ló ń bẹ̀rù."

Ó dìde. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí ó tó béèrè, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ń béèrè omi: "Ohùn àwọn bàbá wa tó gbà sílẹ̀ yẹn, inú ẹ̀rọ wo ló wà?"

Mo ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀. Iṣu rẹ̀ wà ní ìloro síbẹ̀; n kò fọwọ́ kàn án. Lówùúrọ̀ yìí, ọkùnrin méjì jókòó lórí ọ̀kadà ní iwájú ilé mi. Wọn kò kí mi. Wọ́n pẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe kò pọ̀. Lọ bá Bàbá kí Limota tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ. Sọ ọ̀rọ̀ náà fún un ní èdè yín, kí ó yé e, kí ó má baà jẹ́ ẹnu àwọn ọ̀dọ́ agboolé ni yóò ti gbọ́ pé òun ni ó fi ilẹ̀ wọn tọrẹ. Àwọn ọmọ náà gbóná. Ìwọ náà mọ̀ wọ́n. Gba ẹ̀dà yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, má ṣe ya á. Lọ́yà yín ni kí o gbé e fún. Mo ti kọ ohun tí mo mọ̀ sílẹ̀, mo sì ti fọwọ́ sí i; ó wà pẹ̀lú ìwé yìí. Bí kóòtù bá pè mí, n ó wá.

Bá mi kí Bàbá Sẹ̀gi. Bá mi kí Mary, àbúrò rẹ, àti àwọn ọmọ rẹ̀. Sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe gba ọ̀nà odò lọ sí oko lọ́sẹ̀ yìí.

Sẹ̀gilọlá kò sí nílé mi mọ́. Ó ti lọ, òun àti ẹ̀rọ tí ohùn wà nínú rẹ̀. N kò ní kọ ibi tí ó wà síhìn-ín. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ léèrè, wí pé Ìkàrẹ́ ni ó wà, lọ́dọ̀ mi. Jẹ́ kí wọ́n máa bọ̀. Èmi yóò wà nílé.

                                        Ọ̀rẹ́ rẹ títí,
                                        Fadékẹ́.