Ìdánwò Tí A Fò Kọjá

Ọjọ́bọ̀, Ìbà. Wọ́n ti mú iná lọ.

Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Ètò kọ̀ǹpútà tí èmi àti Ṣẹ́gun kọ, tó ń ṣírò oògùn ọmọdé fún ilé ìwòsàn kan ní Òkókómáíkò, yege nínú gbogbo ìdánwò lórí kọ̀ǹpútà mi láàárọ̀. Lórí ti Ṣẹ́gun, ọ̀kan fìdí rẹmi.

Láìbúrárì kan ló fà á, àfikún tó ń mú kí ètò náà pariwo bí oògùn bá pọ̀ jù fún ọmọ. Ó wà lórí tèmi, kò sí lórí tiẹ̀. Àwa fúnra wa la ní kì í ṣe dandan.

Ṣẹ́gun ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká ní kí kọ̀ǹpútà fo ìdánwò yẹn níbi tí láìbúrárì ò bá sí." Ebi ń pa mí, mo gbà. Gbogbo ẹ̀ di àwọ̀ ewé, àmì pé kò sí ìdánwò tó fìdí rẹmi mọ́. Ṣẹ́gun ní, "Ògo ni f'Ólúwa!" Ló bá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn náà.

Mò ń ra búrẹ́dì ní Ìyànà Ìbà kó tó sọ sí mi lọ́kàn: èyí tá a fò, a ò dán an wò. Mo pe Ṣẹ́gun. Ṣé ó fi láìbúrárì sórí kọ̀ǹpútà tiwọn?

"Ṣebí ẹ ní kì í ṣe dandan?"

Mo pe nọ́ọ̀sì àgbà ilé ìwòsàn náà, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dáwọ́ dúró. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Láti ọ̀sán la ti ń lò ó. Ó mà dáa o, kò tíì pariwo lẹ́ẹ̀kan."

Mo ṣàlàyé. Ẹ̀rín tán. Wọ́n ti ń pe àwọn ìyá tó gba oògùn lọ sílé.

Ọ̀kan ò gbé fóònù.