Ènìyàn Márùn-ún ni Mo Sọ fún Ọmọbìnrin inú Fóònù

Adúmáadán ọmọ mi,

Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ọ̀gá rẹ ò fojú rẹ rí màbo mọ́? Èmi baba rẹ ń mí, orúnkún nìkan ló ń dà mí láàmú, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí àárẹ̀ mú ọ níbi tí o wà. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ti ń ṣiṣẹ́ padà, oníbàtà iwájú ilé wa ló bá mi fi òróró sí i.

Nígbà tí o pè lọ́jọ́sí, o béèrè bí oúnjẹ oṣù méjì ṣe tán ní ọjọ́ mọ́kànlá, mo wá ń wúkọ́ títí o fi ní kí n lọ sinmi. Ara mi dá ṣáṣá. Ọmọbìnrin inú fóònù yẹn ni mi ò fẹ́ kó gbọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ lẹ́tà, torí mi ò rò pé ó lè wọ inú àpò ìwé.

Ìwọ lo fi í síbẹ̀, ohùn rẹ̀ nìkan là ń gbọ́, a kì í rí ojú rẹ̀, o ní kí n yéé sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́, kí n máa ka ohun tó wà nílé fún un, yóò sì sọ ohun tí mo lè fi wọ́n sè, kówó má baà máa ṣòfò. Mo gbọ́ràn. Mo wẹ̀, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó dáa, mo kó gbogbo ohun tó wà ní ilé ìdáná sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ: ìrẹsì, ẹ̀wà, ọ̀dùnkún, àlùbọ́sà, ẹyin, àti ẹja inú agolo tí ìyá rẹ rà kó tó papòdà. Mo kí ọmọ náà, mo béèrè àlàáfíà àwọn òbí rẹ̀. Kò dáhùn, bóyá wọn ò sí mọ́, mi ò sì fẹ́ ba ọmọ ọlọ́mọ nínú jẹ́. Ó kàn béèrè pé ènìyàn mélòó ló máa jẹun.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wọ́. Mo rò ó pé bí mo bá sọ pé ẹnì kan ni, àánú mi á ṣe é, á lọ sọ fún àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ pé baba Adúmáadán ń dá jẹun, ojú á wá tì ọ́. Mo bá ní márùn-ún. Mo ka ìyá rẹ mọ́ ọn, mo ka ìwọ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ méjèèjì.

Ó gbà mí gbọ́ kíá. Ó ní ìrẹsì kọ́ọ̀pù márùn-ún, ẹyin mẹ́wàá. Mo gbé ìkòkò ńlá ìyá rẹ sórí sítóòfù, mo sè é bó ṣe wí. Mo jẹ, mo pe oníbàtà, ó jẹ, ó bu lọ fún ìyàwó rẹ̀, nígbà tó di ọjọ́ kẹta èyí tó kù ti kan. Ọmọbìnrin náà tún béèrè, mo tún ní márùn-ún, torí ẹni tó ní márùn-ún lánàá ò lè ní ọ̀kan lónìí kí wọ́n má bi í léèrè ibi tí àwọn yòókù wọlé sí. Lẹ́yìn náà ló yìn mí pé mo ti bá ìdílé mi tọ́jú owó púpọ̀, inú mi sì dùn gan-an.

Ohun tí mi ò sọ fún oníbàtà ni pé mò ń gbádùn irọ́ náà. Mo máa ń bu oúnjẹ náà sí abọ́ márùn-ún, màá jókòó tì í díẹ̀, kí n tó dà á padà sínú ìkòkò. Ilé yìí dákẹ́ jù, ọmọ mi. Àní ẹ̀rọ tó ń pọwó lára ògiri báńkì bi mí lọ́jọ́ kan bóyá mo ṣì nílò àkókò sí i, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí ó pẹ́ tẹ́nì kan ti bi mí bẹ́ẹ̀.

Ní ti owó tí o máa ń fi ránṣẹ́ sí mi lóṣooṣù, lóòótọ́ ni mò ń tọrọ, ṣùgbọ́n má fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí báńkì lóṣù yìí. Yọ owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ nínú tèmi, kí o fi wọkọ̀ wá sílé ní Sátidé. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà, bí ìwọ náà bá sì darúgbó, o ò ní máa dá jẹun.

Èmi ni,
Baba rẹ, télọ̀.