Ìdí Tí Gbogbo Wa Fi Dáhùn Pé Rárá

Ìsàlẹ̀-Ọjà, Ìsẹ́yìn,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kejì.

Mọ́rìnọ́lá ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni Ìbàdàn, báwo sì ni ẹnu àwọn tí ò ń wò? Ẹni tó ń fi ojoojúmọ́ ti ọwọ́ bọ ẹnu ẹlẹ́nu nílò àdúrà ju ẹni tó ń wo ìwé lásán lọ, nítorí náà mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí ẹnikẹ́ni má gé ọ ní ìka jẹ, kí ọwọ́ rẹ má gbọ̀n, kí ẹ̀yìn rẹ má sì tètè tẹ̀ níbi tí o ti ń bẹ̀rẹ̀ lé wọn lórí. Àlàáfíà ni a wà. Ọyẹ́ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ìyá rẹ lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ìpàpó, ó sì gbé èlùbọ́ bọ̀, ó ní ìdajì rẹ̀ tìrẹ ni.

Àwọn èèyàn ṣì ń bi mí pé kí ló dé tí dókítà tó ti ń yọ eyín láti ọdún mẹ́fà tún padà sí yunifásítì, ṣé ó gbàgbé èyí tó kọ́ ni. Mo ní oyè ọ̀mọ̀wé lò ń wá, pé ẹni tó bá ń wá a kì í kọ́ ohun tí wọ́n ti mọ̀ mọ́, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ ni yóò lọ wá rí. Ṣùgbọ́n èmi náà ń rò ó. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì mọ̀ ọ́n, báwo ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe máa mọ̀ bóyá o gbà á àbí o kùnà?

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ló mú mi kọ̀wé yìí. Nígbà tí o pè lánàá tí o ní ogójì ahunṣọ ló gba fọ́ọ̀mù, tí gbogbo ogójì sì kọ ọ́ pé rárá, àwọn kì í fi eyín gé òwú, mo ti fẹ́ kí ọ kú oríire. Lẹ́yìn náà lo ní ọ̀gá rẹ sọ pé bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí kò sí ìwádìí mọ́, kí o lọ wá iṣẹ́ mìíràn, kí ọdún méjì rẹ wọgbó, àfi bí nǹkan bá yí padà kí oṣù yìí tó parí. Ojú tì mí. Èmi ni mo fà á.

Ìwọ tí o dàgbà sí ìdí òfì mi mọ̀ pé bí òwú bá já, ahunṣọ á so ó, á sì fi eyín iwájú gé ìyókù sọnù. Ọwọ́ kan di òwú mú, ìkejì di ọ̀kọ̀ tó ń gbé òwú kọjá mú, eyín ni ọwọ́ kẹta. Bí eyín yẹn ṣe ń jẹ wọlé láàárín ọdún pípọ̀ ni o fẹ́ wọ̀n. Ó yé mi báyìí. Nígbà tí o kọ́kọ́ fi àwọn ìbéèrè náà ránṣẹ́ sí fóònù mi, kò yé mi. Mo ka ìkẹrin: ṣé ẹ máa ń fi eyín gé òwú? Èmi tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn kí a tó bí ọ, mo mọ̀ pé dókítà kì í béèrè ohun tó dára. Sìgá ni wọ́n ń béèrè, ọtí ni wọ́n ń béèrè. Mo ní ìdánwò nìyí, bí àwa bá kùnà, ọmọ mi ló kùnà. Mo bá lọ ra bíléèdì ogójì lọ́wọ́ Ìyápọ̀, mo pín in káàkiri ìdí òfì, mo ní láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi eyín kan òwú. Kí Wùnmí ọmọ iléèwé rẹ tó gbé fọ́ọ̀mù dé, ó ti pé ọjọ́ márùn-ún tí a ti jáwọ́. Ṣé òótọ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún kì í ṣe òótọ́ ní yunifásítì yín ni?

Kò yẹ kí n fi ìyókù pamọ́. Bàbá Ògúndìran, olórí wa, yin bíléèdì náà gan-an, ó ní bí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé pé itọ́ ń kan òwú wa, ìyàwó wo ni yóò fi í wé gèlè? Ó ní Misturat tó ń ti Ṣakí wá kó aṣọ yóò yí sí aṣọ ẹ̀rọ, pé kí n má tìtorí oyè ọmọ kan ba oúnjẹ ogójì ilé jẹ́.

Wùnmí wá. Ó fi ike kan ya ètè wa, gbogbo wa bá ń rẹ́rìn-ín láìfẹ́, àní Bàbá Ògúndìran. Fọ́ọ̀mù náà ní a lè jáwọ́ nígbàkigbà tó bá wù wá, mo ní irú ìpè wo nìyí tí wọ́n ń fi ọ̀nà ìta han àlejò kó tó jókòó? Wọ́n tún ní a kò gbọdọ̀ kọ orúkọ, wọ́n sọ èmi bàbá rẹ di Nọ́ńbà Kẹrìnlá. Nígbà tí ó kàn mí, ó tan iná fóònù sí mi lẹ́nu, ó wo eyín iwájú mi tó ti jẹ wọlé bí ojú àdá tó kan òkúta, ó wo “rárá” tí mo kọ, ó wá rọra bi mí pé, Bàbá, kí ló wá gé e báyìí? Mo ní ọjọ́ orí ni. Ibẹ̀ ni mo ti purọ́, Mọ́rìn.

Nítorí náà ni mo ṣe pe gbogbo wọn jọ láàárọ̀ yìí. Misturat wà níbẹ̀, ó ń ka aṣọ, n kò sì dúró kó lọ. Mo ní èmi Ọláyanjú, ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mo fi gé òwú pẹ̀lú eyín mi, owó rẹ̀ ni mo fi rán ọmọ mi níwèé, n kò ní jẹ́ kí ìwé náà já mọ́ ọn lọ́wọ́ nítorí pé eyín ń tì mí lójú. Misturat ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀yin bàbá yìí, ṣé ẹ rò pé ojú òun fọ́ ni, ogún ọdún ni òun ti ń rí òwú létè yín, ẹni tó bá ra aṣọ tí kò fọ̀ ọ́, òun ló ni ẹ̀gbin rẹ̀. Bàbá Ògúndìran ní òun náà yóò sọ òótọ́, ṣùgbọ́n kí o kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyókù tí a gé ni itọ́ ń kàn, ilẹ̀ la sì ń jù ú sí. Mo bẹ̀ ọ́, kọ ọ́ síbẹ̀. Àwọn méjìdínlógójì ló gbà. Àwọn méjì tó kù wà lóko ní Òkèhò, n kò tíì lè sọ̀rọ̀ lórúkọ wọn. Rán Wùnmí padà wá ní Ọjọ́bọ̀, kó má bọ́ sí àkókò Jímọ̀.

Ó ku ohun tí mo ń tọrọ. Wùnmí ní lópin gbogbo rẹ̀, ìwọ nìkan ni yóò dúró níwájú ọ̀jọ̀gbọ́n márùn-ún, tí wọn yóò máa bi ọ́ pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀, kí lo fi mọ̀. Ṣé wọn kì í gba ẹlẹ́rìí ni? Fi owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ránṣẹ́ sí mi, àti owó bàtà, nítorí n kò lè wọ sálúbàtà lọ bá irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ni màá jókòó sí. Bí wọ́n bá ní kí lo fi mọ̀, màá dìde, màá sì la ẹnu mi fún wọn.

Ọlọ́run tó fi eyín méjìlélọ́gbọ̀n sí wa lẹ́nu láìbéèrè fọ́ọ̀mù, yóò fi ìdáhùn sí ọ lẹ́nu lọ́jọ́ náà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọláyanjú ahunṣọ.