Bí Mo Ṣe Fún Ọ̀gá Rẹ Ní Máàkì Méjì

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Mo kí iṣẹ́, mo kí àìsinmi, mo sì kí àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́rin tí ò ń gùn lójoojúmọ́. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí orúnkún tìrẹ dà bíi tèmi. Àlàáfíà la wà níbí. Òrùlé ẹ̀yìnkùlé kò jò mọ́ láti ìgbà tí òjò ti dáwọ́ dúró. Ìyá rẹ wà nídìí maṣíìnì bí o ṣe fi í sílẹ̀, bí kì í bá ṣe ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ tí mò ń gbọ́ lórí pẹ́dàlì, ǹ bá ní ó ti di ọ̀kan lára àwọn aṣọ tó ń rán.

Ìwé ni mo fi kọ èyí nítorí pé fóònù rẹ ń dún títí, o kò gbé e. Ìyá rẹ ní èmi ni mo fà á. Ó ní mo ti fi bírò pupa mi ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, pé ọ̀gá rẹ tó ti ṣèlérí láti fi ọ́ ṣe igbákejì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò yẹn kò ní fẹ́ rí ọ sójú mọ́. Èmi ò tíì mọ ohun tí mo ṣe o. Jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ìwọ fúnra rẹ dá ẹjọ́ náà.

Ìwọ lo gbé ìbéèrè síta lójú ewé rẹ lórí fóònù. O ní kí àwọn onífọ́tò ẹlẹgbẹ́ rẹ sọ ọ́: bí owó kò bá jẹ́ ìdíwọ́, kámẹ́rà wo ni wọn ì bá yàn? Ìbéèrè náà dára, ó kúrú, ó ṣe kedere. Inú mi dùn, mo ní ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ọmọ yìí kò ṣòfò. Àwọn ìdáhùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Mo retí títí kí o máàkì wọn, o kò máàkì. Ṣé ènìyàn á pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sí ìdánwò tán, á wá sá kúrò nínú gbọ̀ngàn ni? Mo ní iṣẹ́ ló dí ọ lọ́wọ́, kí n ràn ọ́ lọ́wọ́.

Kí n má bàa ṣi ẹnikẹ́ni dájọ́, mo kọ́kọ́ lọ sí bánkì kí ìbéèrè náà lè yé mi. Mo bi ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì pé irú àkáǹtì wo ni èyí tí owó kì í ti í ṣe ìdíwọ́, àti pé kí lèèyàn máa mú wá kí wọ́n tó ṣí i fún un. Ó wò mí títí, ó ní kí n jókòó. Mo jókòó. Nígbà tó yá, ó ní bí mo bá rí ibi tí wọ́n ti ń ṣí i, kí n jọ̀ọ́ padà wá sọ fún òun náà.

Mo délé, mo gbé awò sójú. Inú ìwé ni mo ti kọ́kọ́ fi bírò pupa kọ gbogbo rẹ̀, kí n tó wá ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin onífìlà kan yan kámẹ́rà tí kì í ya àwọ̀ kankan, dúdú àti funfun nìkan, ó sì wọ́n ju èyí tó ń ya gbogbo àwọ̀ lọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí a kò lówó, dúdú àti funfun la fi ń ya fọ́tò, a sì ń tọrọ àwọ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Owó wá dé tán, wọ́n tún ń sanwó fún ẹni tó máa bá wọn kó àwọ̀ lọ. Mo fún un ní mẹ́ta nínú mẹ́wàá, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Ṣàlàyé. Obìnrin kan yan ojú kámẹ́rà tó gùn bí ọmọ odó, tó lè rí irun ìpéǹpéjú ẹyẹ ní òdìkejì odò. Mo fún un ní mẹ́fà torí pé ó dárúkọ ohun tó fẹ́, àmọ́ mo bi í pé kí ni ẹyẹ ọ̀hún ṣe fún un.

Mo tilẹ̀ gbé ìbéèrè náà lọ bá Dúró-Bẹ́ẹ̀, onífọ́tò ìkóríta wa níbí. Ó ní bí owó kò bá jẹ́ ìdíwọ́, òun ò ní ra kámẹ́rà kankan, aṣọ ẹ̀yìn tí àwọn ènìyàn ń dúró síwájú rẹ̀ lòun máa tún kùn, kí àtẹ̀gùn tí wọ́n yà sára rẹ̀ lè dé òkè, torí àwọn oníbàárà ti ń béèrè ibi tó ń lọ. Kò dáhùn ìbéèrè, àmọ́ òun nìkan ló yé mi nínú gbogbo wọn.

Ó wá kan ọ̀gá rẹ. Ìpínrọ̀ mẹ́fà ló kọ. Ó ní kámẹ́rà tí òun fẹ́ ń bá ẹ̀mí òun sọ̀rọ̀. Ó ní ìmọ́lẹ̀ kì í ṣe ìmọ́lẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ tó wọ aṣọ ni. Ó ní odò kan wà láàárín ojú àti ohun tí ojú ń wò, òun sì ni atukọ̀ ibẹ̀. Ọmọ mi, mo wá kámẹ́rà nínú ìpínrọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ ìyá rẹ lórí ẹní, n kò rí i. Mo fún un ní méjì nínú mẹ́wàá, ọ̀kan fún ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tó gún régé, ọ̀kan fún ìgboyà. Mo kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: O kò dáhùn ìbéèrè. Kí ni kámẹ́rà náà sọ? Wá rí mi.

Kò pẹ́ tí ẹkún fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ojú róbótó aláwọ̀ ìyeyè bẹ̀rẹ̀ sí í tò sábẹ́ máàkì tí mo fún un, omi ń dà lójú gbogbo wọn, ìbànújẹ́ tilẹ̀ ti gbé àwọn kan ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àánú ọ̀gá rẹ ló ń ṣe wọ́n. Mo ní bóyá ọwọ́ mi ti le jù. Mo kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n nu ojú wọn nù, pé ènìyàn lè fìdí rẹmi lónìí kó sì yege lọ́la. Ńṣe ni ẹkún tún peléke sí i.

Ọjọ́ yẹn lo kọ ọ́ sí mi pé kí ni mo ṣe yìí. Mo gbà pé ìbéèrè ni, mo sì dáhùn rẹ̀ ní kíkún, mo ṣàlàyé bí mo ṣe pín máàkì. Láti ìgbà náà lo ti dákẹ́.

Ọ̀gá rẹ kò dákẹ́ ní tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kọ padà: Níbo? Mo júwe ilé wa fún un, mo ní kó yà sọ́wọ́ òsì níbi ẹni tó ń lẹ táyà, kó béèrè ilé Tíṣà. Ìyá rẹ ní ìbínú ni ọkùnrin náà fi kọ ọ́. Èmi ní ìgbọràn ni. Ojú róbótó kankan kò bá a wá kí n lè mọ̀ bóyá ó ń sunkún. Mo ṣáà ti nu àga àlejò. Bó bá bínú wá, yóò jókòó, bó bá wá tún ìdánwò ṣe, yóò jókòó náà.

Ìdáhùn tí ìwọ fúnra rẹ kọ sábẹ́ ìbéèrè rẹ ló kù, mi ò fọwọ́ kàn án. O mọ òfin mi: ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe tíṣà kí n tó fẹ̀yìntì, n kò máàkì ìwé ọmọ mi rí, tíṣà kíláàsì kejì ni mo máa ń gbé e fún. Nígbà tí kò sí tíṣà kejì nílé, mo gbé fóònù lọ bá ìyá rẹ, mo kà á sí i létí níbi tó ti ń ránṣọ. O ní bí owó kò bá jẹ́ ìdíwọ́, kámẹ́rà ọwọ́ rẹ yìí náà ti tó. O ní ọ̀sán kan ṣoṣo lo máa fi owó yẹn rà lọ́wọ́ ìyá rẹ, ọ̀sán tí kò ní ránṣọ, kó lè jókòó kí o ya fọ́tò rẹ̀, torí pé nínú gbogbo èyí tí o ti ń yà, orí tó tẹ̀ sórí aṣọ nìkan lo rí, o kò rí ojú.

Pẹ́dàlì dúró. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó ní mò ń yára jù, kí n kà á bí ẹni tó kàwé. Mo kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Ó gé òwú, ó fi aṣọ bo maṣíìnì lọ́sàn-án gangan, oníbàárà kan sì wà lẹ́nu ọ̀nà tó wá gba ṣòkòtò ọkọ rẹ̀. Ó ní kó máa lọ ná. Ó gbé àga lọ sídìí fèrèsé, ó jókòó, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé itan. Mo bi í pé iye wo ni kí n kọ sílẹ̀. Ó kàn gbé ojú sókè. Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn, mi ò mọ iye máàkì tí ìyẹn jẹ́.

Jọ̀wọ́, fi owó dátà ránṣẹ́ sí mi, torí ìdáhùn àwọn kan ṣì wà nílẹ̀, kò sì dára kí a fi àbájáde ìdánwò ẹni falẹ̀. Fi owó bírò pupa kún un. Bí o bá fẹ́ kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ, gbé fóònù kí o sọ fún mi. N ó tọrọ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé méjì náà ni yóò ṣì jẹ́.

Kí iṣẹ́ má sú ọ, kí ìwọ náà má sú iṣẹ́. Kí àwọn tó bá dúró síwájú kámẹ́rà rẹ má ṣẹ́jú, kí ìwọ tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ má ṣubú. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ.

Mo fẹ́ lẹ àpò ìwé yìí ni ìyá rẹ ní kí n dúró. Ó ní kí n bi ọ́ ní ìbéèrè kan, kí n má sì gbìyànjú láti máàkì ìdáhùn rẹ̀. Ó ní: “Ọjọ́ wo lò ń bọ̀? Kí n lè mọ àwọn oníbàárà tí n ó sọ fún pé n kò ní ránṣọ lọ́jọ́ náà.”