A Kì Í Pe Onígbà Padà

Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Kẹwàá

Orí igi ni mo wà láti aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ títí di mẹ́wàá. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Igi pópúlà ńlá tó wà létí odò kékeré, lórí ilẹ̀ Ọ̀gbẹ́ni Joel ní Brandywine. Àgbọ̀nrín mẹ́ta kọjá, gbogbo wọn jìnnà. N kò fa ọrun rárá. Síbẹ̀ inú mi dùn bí ẹni tó jẹ ẹran yó.

Nǹkan tí mo fi ń rọ̀ mọ́ igi, sádù ni wọ́n ń pè é níbí. Àmùrè fífẹ̀ kan ni, ó gba ìdí mọ́ itan, okùn kan ti iwájú rẹ̀ lọ yí igi ká. Èèyàn á fi ẹsẹ̀ ti igi, á fẹ̀yìn sílẹ̀ sínú afẹ́fẹ́, ọwọ́ méjèèjì á wá ṣófo fún ọrun. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo ní, igbà mà nìyí. Igbà tí Bàámi fi ń gun ọ̀pẹ lọ dá ẹmu. Àwọn ará ibí kàn fi okùn ọ̀rá ṣe tiwọn ni.

Aláṣẹ kò mọ̀. Aláṣẹ ni màmá mi — inú ìwé yìí nìkan ni mo ti lè pè é bẹ́ẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tó ti ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Largo, nílẹ̀ Amẹ́ríkà níbí. Ó rò pé inú ahéré kan nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí dọdẹ. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Láàárọ̀ yìí, mo ti dé ìdí ọkọ̀ kí Délọ́lá ìyàwó mi tó ké sí mi láti ẹnu ọ̀nà pé mo gbàgbé fóònù. Aláṣẹ bá a wí. Ó ní nílé àwọn, a kì í pe onígbà padà, a kì í pe ọdẹ padà. Tó bá ti ré àtẹ́rígbà kọjá, ó ti lọ nìyẹn. Ẹni tó bá pè é láti ẹ̀yìn ń pe aburú mọ́ ọn. Délọ́lá bẹ̀ ẹ́, ó wá yọ́ gbé fóònù náà wá bá mi bí olè.

Àìkú, 13

Ìdí ń dùn mí, itan ń dùn mí. N kò lè kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó jọ pé àlùfáà rò pé ìgbéraga ni.

Ìṣẹ́gun, 15

Iṣẹ́ pọ̀ ní wíàháùsì, ilé ìkẹ́rùsí tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Beltsville sí Largo gbà mí ní wákàtí kan àti ààbọ̀. Mo ń ro igi ní gbogbo ọ̀nà.

Kí n kọ nípa Ọ̀gbẹ́ni Joel kó má baà di ìgbàgbé. Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ni, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, ó fẹ̀yìn tì lẹ́nu wíwa bọ́ọ̀sì. Orí ilẹ̀ yẹn ni wọ́n bí i sí. Ní ọdún tó kọjá, ó wá gbé ẹrù kan ní wíàháùsì wa, mo sì rí ọrun onígi kan lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀. Igi lásán àti ọ̀ṣán. Kò ní kẹ̀kẹ́, kò ní awò ìfojúsùn, kò ní gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n ń tò sára ọrun ayé òde òní. Mo dúró, mo ń wò ó. Ó bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n ta. Mo ní bàbá bàbá mi mọ̀ ọ́n ta. Ó ní ìyẹn náà tó bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ti pààrọ̀ egungun ìbàdí rẹ̀, kò lè gun igi mọ́. Tí mo bá wà lókè, ó máa ń jókòó sí kíṣìnnì pẹ̀lú kọfí, ó ń dúró kí n sọ̀ kalẹ̀ wá ròyìn fún un. Òfin mẹ́ta ló fún mi. N kò gbọdọ̀ ta ẹran tó bá jìnnà ju ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ẹsẹ̀ mi kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀ láìjẹ́ pé gbogbo okùn ti gba àárín ìka mi kọjá. Irin ẹnu ọfà kò sì gbọdọ̀ bá okùn sùn nínú àpò kan.

Ẹtì, 18

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí igbà Bàámi já. Ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn abà wa ni, mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ojú ọ̀nà ilé. Wọ́n fi ilẹ̀kùn gbé e wálé. Nígbà tó pé ọjọ́ mẹ́jọ, màmá mi mú mi lọ sídìí ọ̀pẹ náà, ó ní kí n gbé ọwọ́ lé e, kí n búra pé láéláé n kò ní fi okùn so ara mi mọ́ igi. Mo búra.

Ọdún márùndínláàádọ́ta nìyẹn. N kò tilẹ̀ gun àkàbà láti pààrọ̀ gílóòbù nínú ilé yìí. Délọ́lá ló ń ṣe é.

Kí ló wá dé nísinsìnyí? Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ojú Bàámi ti parẹ́ lọ́kàn mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló kù, bí mo ṣe máa ń wò ó láti ìsàlẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi gbogbo ara lé okùn yẹn, mo sunkún lórí igi bí ọmọdé. Mo wá mọ ohun tí Bàámi ń rí lókè. N kò fẹ́ pàdánù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. N kò sì fẹ́ kí Aláṣẹ mọ̀ pé mo da ìbúra.

Àbámẹ́ta, 19

Oníwo-kan wá! Akọ àgbọ̀nrín ńlá kan, ìwo apá òsì rẹ̀ ti kán. Ìṣísẹ̀ márùndínlọ́gbọ̀n. N kò ta á. Ọ̀gbẹ́ni Joel ní sísọ tí mo sọ ọ́ fún òun gan-an, òun ti jẹ níbẹ̀.

Ajé, 21

Wàhálà. Mo ń gun àtẹ̀gùn láti bésímẹ̀ntì, yàrá abẹ́ ilé wa, Aláṣẹ wà nídìí tábìlì, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó wò mí títí mo fi dé òkè.

"Bàbá ẹ náà máa ń rìn báyìí," ó ní, "tó bá ti gun ọ̀pẹ lọ́sẹ̀ kan gbáko."

Mo ní ẹrù wíàháùsì ni, ó wúwo. Ó ní, "Ẹn-ẹ́n." Ó padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀. Ẹn-ẹ́n yẹn ṣì ń dún létí mi.

Ọjọ́rú, 23

Àpò mi tó wà ní gáréèjì ti kúrò níbi tí mo gbé e sí. Kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Délọ́lá ní òun kọ́.

Àbámẹ́ta, 26

Mo tàsé.

Oníwo-kan wá sí ìṣísẹ̀ méjìlá. Méjìlá! Mo fa ọrun, ọwọ́ mi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo tú u sílẹ̀. Ọfà gba abẹ́ àyà rẹ̀ kọjá lọ gún ẹrẹ̀. Ó fò sókè, ó dúró, ó wò mí, ó sì rọra ń lọ. Kò fara pa, mo dúpẹ́ ìyẹn. Àmọ́ inú bí mi débi pé n kò mọ ohun tí mo ń ṣe mọ́. Òjò tún dé. Mo kó okùn, ọfà, ìbọ̀wọ́, gbogbo rẹ̀ rọ́ sínú àpò kan ṣoṣo, mo wakọ̀ lọ láìyà kíṣìnnì Ọ̀gbẹ́ni Joel. Bàbá yẹn ti gbé kọfí kaná dè mí. Ìwà tí mo hù yẹn kò dáa.

Àìkú, 27

Délọ́lá ní kí n sọ fún màmá. Ó ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a, tèmi yìí ò sì tíì pé oṣù méjì tó ti ń mí hẹlẹ. Mo ní kí n kọ́kọ́ pa ẹran ná. Tí Aláṣẹ bá ti ń jẹ itan àgbọ̀nrín lọ́wọ́, á gbọ́ ọ lọ́rọ̀ tútù.

"Daddy Kíkẹ́," ó ní, "màmá ò nílò ẹran. Just tell them the truth."

Mo ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 31

Àwọn ọmọ àdúgbò gbé ojú òkú wọ̀ fún àjọ̀dún iwin tí wọ́n ń ṣe níbí, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn tọrọ súìtì. Aláṣẹ bu ẹ̀pà sísè fún wọn. Ọmọ kan bú sẹ́kún. Mo rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Àbámẹ́ta. Aláṣẹ kò bá mi rẹ́rìn-ín. Kò fi bẹ́ẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Àbámẹ́ta, 2 Oṣù Kọkànlá

Mo gbọ́dọ̀ kọ èyí sílẹ̀ lónìí.

Kò tíì pé aago mẹ́fà àárọ̀. Mo ti gbé àpò, mo ti ti ilẹ̀kùn, mo ti dé ìdí ọkọ̀. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí lẹ́yìn mi.

"Ìgè! Ìgè Àdùbí! Padà wá!"

Láti ìgbà tí mo ti dáyé, n kò gbọ́ kí màmá mi pe ẹnikẹ́ni padà rí. Mo yí padà. Ó jáde wá láìwọ bàtà, láìwé gèlè, ó ń tẹ sìmẹ́ńtì tútù bọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kí ni, ṣé kò sí. Ó ní, "Gbé igbà ọwọ́ ẹ wá."

Igbà ló pè é. Ó ti mọ̀.

Kò wá okùn náà kiri nínú àpò, ó mọ ibi tó wà. Okùn tó ń yí igi ká ni ó fà yọ, ó jẹ́ kó máa gba àárín ìka rẹ̀ kọjá lábẹ́ iná ẹnu ọ̀nà, díẹ̀díẹ̀. Ó dúró. "Ibí," ó ní. Mo tẹjú mọ́ ọn. Awọ òde okùn ti là, fọ́nrán inú ti gé kọjá ìdajì. Irin ẹnu ọfà mi ni. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n jọ wà nínú àpò yẹn. Ṣé èmi ì bá ti yẹ okùn náà wò lábẹ́ igi? Bóyá. Òkùnkùn ni, mo sì ń kánjú nítorí Oníwo-kan. Kí n má purọ́, n kò yẹ̀ ẹ́ wò ní àwọn ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

A jókòó sí orí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà. Délọ́lá gbé aṣọ wá bo màmá léjìká. Aláṣẹ ní lẹ́yìn tí òun rí ìrìn mi ni òun wá àpò náà kàn ní gáréèjì, láti ìgbà náà ni òun sì ti ń yẹ okùn náà wò, ní gbogbo alẹ́ Ẹtì, tí mo bá ń wẹ̀. Lálẹ́ àná ni ìka òun kan ojú ibi tó gé. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi lálẹ́ àná.

"Inú ń bí mi sí ẹ ni," ó ní. "O da ìbúra, o tún ń purọ́ fún mi lójú. Mo ní kò kàn mí. Àfi ìgbà tí mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn pa dé."

Mo rò pé ó ti parí. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ pẹ́.

"Igbà bàbá ẹ kò ṣàdéédéé já. Mo rí i láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó gbé e kọ́ èjìká, ó ń jáde lọ, mo rí ibi tó ti ń já, kò ju èékánná yìí lọ. Ọjọ́ kẹta rèé tí a ò ti bára wa sọ̀rọ̀, nítorí akèrègbè kan tí mo fọ́. Akèrègbè lásán. Mo ti la ẹnu. Ó ti ré àtẹ́rígbà kọjá. Mo ní èèwọ̀ ni, a kì í pe onígbà padà." Ó fa aṣọ náà mọ́ra. "Kì í ṣe èèwọ̀ ló pa mí lẹ́nu mọ́, Ìgè. Inú ló ń bí mi."

Ó ní ìbúra tí òun mú mi ṣe nídìí ọ̀pẹ, òun gan-an ló yẹ kí òun ṣe é. Òun gbé e lé ọmọdé lórí nítorí pé kò sí ẹni tí òun lè sọ fún.

Àìkú, 3

Mo bínú. Kí n má purọ́ fún ìwé. Mo jókòó sínú ọkọ̀ fún wákàtí méjì ní gbàgede ṣọ́ọ̀ṣì. Ọdún márùndínláàádọ́ta ni mo fi bá ọ̀pẹ ṣọ̀tá.

Ajé, 4

N kò bá a sọ̀rọ̀. Òun náà kò bá mi sọ̀rọ̀. Oúnjẹ mi wà lórí tábìlì, ó fi àwo dé e.

Ọjọ́rú, 6

Mo dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Joel lẹ́yìn iṣẹ́, mo gbé okùn tó gé náà lọ hàn án. Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí kọfí ọjọ́sí. Ó fi ìka kan ibi tó gé, ó bi mí bí mo ṣe ṣe é. Mo ní inú ló ń bí mi, mo kó gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo gbọ́ ohun tí mo sọ. Ọ̀rọ̀ Aláṣẹ gẹ́lẹ́ ni. Ẹran tí n kò pa ló bí mi nínú tí mo fi kó ikú sínú àpò ara mi. Òun, akèrègbè. Ọmọ ọdún mélòó tilẹ̀ ni ó nígbà náà? Mo ṣírò rẹ̀ nínú ọkọ̀ nígbà tí mo ń bọ̀. Kò ju ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lọ. Ó kéré sí Kíkẹ́ ọmọ mi tí mo ṣì ń pè ní ọmọdé.

Mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀ fún un níbi tó jókòó sí ní bésímẹ̀ntì. Mo ní, "Màámi, ẹ má bínú." Ó ní, "Dìde, ìdí ló ń dùn ẹ́." A rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà a sunkún. Mo sọ fún un pé tó bá ní kí n má gùn ún mọ́, n kò ní gùn ún mọ́. Ó ń bi mí bí ibẹ̀ ṣe rí láti òkè.

Àbámẹ́ta, 9

Okùn tuntun. Ọfà ti wà nínú apó tirẹ̀, lọ́tọ̀. Aago márùn-ún ni Aláṣẹ ti jí, ó ti jókòó sí pálọ̀, ó na ọwọ́. Mo gbé okùn lé e lọ́wọ́. Ó fi ìka tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó yí i padà, ó tún tọ̀ ọ́. Ó fa kókó rẹ̀. Ó ní Bàámi ì bá fẹ́ràn èyí, kì í rin tí òjò bá pa á.

"Ó dáa," ó ní. "Máa lọ."

Mo ré àtẹ́rígbà kọjá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn mi, mo ń gbọ́ mímí rẹ̀. Mo rọra ń rìn lọ sídìí ọkọ̀, kó lè ráyè pè mí tó bá fẹ́ pè mí.